Ọmọ Àgbàtọ́ Ń Pé Ọdún 18: Ta Ni Yóò Rán An Níwèé?

Ìbéèrè (láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Kabba): Ọ̀kún o. Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà ń tọ́ ọmọ kan tí kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó ní ìjọba ibẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́ títí yóò fi di ẹni ọdún 26. Èmi náà ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣaláìsí láti ọmọ ọdún 7. Ó ti di 17 báyìí. Kí ló dé tí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, ìyá. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Lọ́hùn-ún, ìjọba ló ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́, tí yóò sì fi í sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Wọ́n rí i pé bí ìtọ́jú bá dáwọ́ dúró ní ọdún 18, ọ̀pọ̀ wọn kì í ríbi forí lé. Wọ́n ṣòfin ní 1999, wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ John Chafee pe ètò náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi owó ẹ̀kọ́ kún un, tó lè tó 5,000 dọ́là lọ́dún, fún yunifásítì tàbí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ.

Níhìn-ín, ẹbí ló ń gba ọmọ. Ìsìnkú parí, wọ́n di ẹrù ọmọ sínú báàgì, ó di ọmọ yín. Ìfẹ́ gidi nìyẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fàyè sílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí irú ìgbàtọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù? Ìjọba kò wá mọ̀ pé ọmọ náà wà lọ́rùn yín.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sí ìrànlọ́wọ́ kankan nílé ni?

Ìdáhùn: Ó wà, àmọ́ kì í ṣe ti ọmọ àgbàtọ́ nìkan. Ọ̀fẹ́ ni òfin pe ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ó lè yá owó lọ́dọ̀ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òfin ọdún 2024 kò béèrè onídùúró mọ́, kò sì béèrè iye tí òbí ń gbà lóṣù. Ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀ nítorí ọmọ tí kò lóbìí. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé ẹ̀kọ́. ₦20,000 lóṣù wà fún oúnjẹ òun alára. Gbèsè ni o: yóò máa san án padà ní ọdún 2 lẹ́yìn ìsìnrú ìlú.

Ìbéèrè: Orúkọ ọkọ mi ló ń jẹ́ níléèwé. Ṣé ó lè dá wàhálà sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ibí yìí gan-an ló máa ń dùn mí jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tú ìwé rẹ̀ jáde nínú ọ̀rá níwájú mi. Orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà lára ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ tó kú wà lórí NIN, ọjọ́ ìbí sì jẹ́ oríṣi méjì. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èwo ni mí nínú wọn?” Mi ò bú alágbàtọ́ rẹ̀: wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ ní ọmọ òrukàn ní kíláàsì ni. Àmọ́ orí NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ, NELFUND náà sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bá ọmọ náà jókòó, kí ó mú orúkọ kan, kí gbogbo ìwé bá a mu kó tó kọ WAEC.

Ìbéèrè: Tó bá ní wẹ́dà lòun fẹ́ kọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò burú rárá. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀: ọdún mélòó, èló. Ẹ béèrè ní NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, bóyá ètò ìkọ́ṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù, bó bá jẹ́ èmi ni, owó ìnáwó ni mo máa fi ra ẹ̀rọ wẹ́dà fún un. Kó sì lọ ṣe ìdánwò trade test; ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni yóò fi han ilé iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀gá rẹ̀ rí.

Ìbéèrè: Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ní ọ́fíìsì àjọ tó ń ka iye ènìyàn, NPC, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ìbí fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Ọdún 17 lẹ ní ó wà. Ẹ mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí.