Apá Kan Ni Wọ́n Tan Iná Sí: Bí A Ṣe Bá Fítámì D Pàdé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa bu kọdilífà, òróró inú ẹ̀dọ̀ ẹja, sí wa lẹ́nu kí a tó lọ síléèwé. Títí di àkókò ìsinmi, òórùn ẹja ò ní í kúrò lọ́fun. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé inú òróró tó ń rùn yẹn ni wọ́n ti wá fítámì D rí.

Àìsàn egungun kan ló fà á. Ní àwọn ìlú ńlá Yúróòpù tí èéfín iléeṣẹ́ bo ojú ọ̀run, egungun ọmọdé kì í le. Ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, ọmọ ò sì ní í tètè rìn. Ríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é.

Ní 1919, Edward Mellanby, onímọ̀ ìṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀n, ti àwọn ọmọ ajá mọ́lé, óòtù ló fi ń bọ́ wọn. Egungun wọn rọ̀. Ó fún wọn ní kọdilífà, ara wọn yá. Ó fura pé fítámì A ló ṣe é.

Lásìkò yẹn kan náà, ní Berlin, dókítà ọmọdé kan, Kurt Huldschinsky, gba ọ̀nà mìíràn wo àwọn aláìsàn rẹ̀. Iná mẹ́kúrì, tí ìtànṣán rẹ̀ jọ ti oòrùn, ló tàn sí wọn lára. Ẹ́síréè fi hàn pé egungun ti ń le. Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ràn jù: apá kan ṣoṣo ló tan iná sí. Apá méjèèjì ló sàn! Nǹkan kan ti ara awọ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ní 1922, Elmer McCollum, onímọ̀ nípa oúnjẹ kan ní Baltimore, Amẹ́ríkà, gbé kọdilífà kaná, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí fítámì A inú rẹ̀ fi bàjẹ́. Kò wo àìsàn ojú tí àìtó fítámì A ń fà mọ́, ó ṣì ń wo ríkẹ́ẹ̀tì. Nǹkan mìíràn ni, nítorí náà. A, B àti C ti lólúwa, D ló kù fún un. Lójú tèmi, orúkọ náà, fítámì, ò tilẹ̀ yẹ ẹ́, torí inú oúnjẹ ló yẹ kí fítámì ti wá, ara wa fúnra rẹ̀ sì ń ṣe èyí bí oòrùn bá kàn wá.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ, èròjà tó ń mú egungun le, gba ìfun wọ ara. Ní Jos, àwọn dókítà tó gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 1999 rí àwọn ọmọ tí oòrùn ń pa dáadáa, síbẹ̀ tí ríkẹ́ẹ̀tì ń ṣe wọ́n. Kálísíọ̀mù ló wọ́n nínú oúnjẹ wọn. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ.