Ẹsẹ̀ Ẹran Lè Pọ̀ Lójú Ọ̀nà, Kí Ẹran Má Pọ̀ Nínú Igbó

Láti ìparí oṣù kẹwàá, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọdẹ ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ọ̀fà àti agbègbè Ìlọrin a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ igbó wò, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò dẹ̀gùn sí, ìyẹn ni igi tí wọn yóò gùn dúró de ẹran, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìbọn: "Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀, ibẹ̀ lẹran pọ̀ sí." Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń mú kí èèyàn jókòó sórí igi fún òru mẹ́ta láì rí ìrù ẹran.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹran kan ń rìn jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé láti ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀ ti tẹlẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ kan náà tún ti tẹlẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹran bá ń rìn bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sábà máa ń bọ́ sórí ojú ẹsẹ̀ iwájú, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ méjì la ó rí nínú 60 sẹ̀ǹtímítà yẹn. Nínú mítà 100, ó ti tó nǹkan bí 330. Bó bá lọ mumi lálẹ́, tó sì gba ibẹ̀ padà ní ìdájí, ó di 660. Ọjọ́ mẹ́ta láìsí òjò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2,000. Ẹran kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo rẹ̀ o.

Ilẹ̀ náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀tàn yìí. Iyanrìn etí odò a máa gba gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá. Amọ̀ tí ẹran tẹ̀ nígbà tó tutù, tí oòrùn wá gbẹ, lè pa ojú ẹsẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lórí yangí àti àpáta tó pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹran mẹ́wàá lè kọjá kí ẹ má rí nǹkan kan. Ẹni tó fi iye ojú ẹsẹ̀ etí odò wé ti orí òkè, ilẹ̀ ló fi wéra, kì í ṣe ẹran.

Ewúrẹ́ náà tún ń dá kún un nítòsí abúlé. Ojú ẹsẹ̀ ẹtu kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Ti ewúrẹ́ àgbà tóbi jù ú lọ, orí rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi páálí ìṣáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ lè mọ bó ṣe tóbi tó nígbà tí ẹ bá délé.

Dípò kíka ojú ẹsẹ̀, ẹ gbá ojú ọ̀nà. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó tí kì í ṣe tiyín, ẹ kọ́kọ́ rí baálẹ̀ àti olórí ọdẹ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ti mú kí àwọn ọlọ́dẹ àti fijilanté máa ṣọ́ igbó lójú méjèèjì, wọn kò sì ní mọ̀ pé ipa ẹran ni àjèjì ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá ibi tí ojú ọ̀nà ẹran ti rọ̀. Ẹ já ẹ̀ka eléwé, ẹ fi gbá mítà méjì sí mẹ́ta títí tí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tónítóní. Bó bá jẹ́ yangí, ẹ bu iyanrìn tí a ti jọ̀ lé e, kó nípọn tó ìdajì ìka. Ẹ padà wá láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má tẹ ibẹ̀. Ẹ kọ èyí tó lọ, èyí tó bọ̀, àti bó ṣe tóbi tó, lẹ́yìn náà ẹ tún un gbá. Òru márùn-ún tó. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹran kan ni. Bí ẹ bá rí ojú ẹsẹ̀ kékeré tó ń tẹ̀lé ńlá, abiyamọ ni. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ òyà ló burú jù. Òru ló sábà ń jẹ̀. Ó ń la ojú ọ̀nà tóóró sábẹ́ eèsún àti koríko gíga, yóò sì máa gba ibẹ̀ léraléra. Akọ kan, abo mélòó kan àti ọmọ wọn ló sábà ń gbé pọ̀, wọ́n sì lè la ojú ọ̀nà tó pọ̀ débi pé ẹni tó bá kà á á rò pé agbo márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti jẹun. Òyà ń gé koríko ní ìdágẹ̀rẹ́, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, yóò sì fi kékekèèké rẹ̀ sílẹ̀. Bí ojú ibi tó gé bá ṣì tutù, tó ṣì ní àwọ̀ ewé, alẹ́ àná ni. Bó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti pẹ́. Imí tuntun a dúdú, a máa dán. Àwọ̀ èyí tó ti pẹ́ a ṣá, a sì fúyẹ́. Àṣìṣe kíkà níbí ń ba igbó jẹ́: abo òyà ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, bíi ọmọ mẹ́rin ló sì sábà ń bí. Ẹni tó rò pé agbo márùn-ún ló wà yóò pa agbo kan ṣoṣo náà tán.

Ojú ẹsẹ̀ oṣù kẹwàá kò sì lè sọ ti oṣù kìíní fún yín. Bí iná bá ti jó pápá, ẹran a sá sínú igbó etí odò àti ibi tí iná kò dé, wọn a tún padà sórí pápá nígbà tí ewé tuntun bá hù. Afẹ́fẹ́ náà yí padà. Nígbà òjò, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló sábà ń fẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, àríwá-ìlà-oòrùn ló ń ti wá. Igi tí afẹ́fẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ẹran fẹ́ wá bá yín lórí rẹ̀ lónìí ni yóò máa gbé òórùn yín lọ bá ẹran nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, igi méjì ni kí ẹ sàmì sí, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan ojú ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dẹ̀gùn, ẹ fọ́n eérú díẹ̀ sókè, kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ ó gùn.