Èbúté Àríwá ti Mọ́síkò

Èbúté Àríwá jẹ́ ibùdókọ̀ ojú omi tí àwọn èrò ti ń wọkọ̀ ní Mọ́síkò, olú-ìlú Rọ́ṣíà. Etí adágún Khimki ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ọwọ́ ènìyàn ló dá adágún náà: odò kékeré kan tó ń jẹ́ Khimka ni wọ́n sé, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sé omi sí Ìkún-Èkìtì, àfi pé omi ti Ìkún wà fún mímu, ti Khimki sì jẹ́ ojú ọ̀nà fún ọkọ̀.

Odò Moskva tó la ìlú náà kọjá kò jinlẹ̀ tó fún ọkọ̀ ńlá láyé àtijọ́. Ìdí nìyí tí ìjọba Sófíẹ̀tì fi gbẹ́ ipa omi kan tó gùn ní 128 kìlómítà, láti odò Volga wá sí Mọ́síkò, láàárín 1932 sí 1937. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbẹ́ ẹ, ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí ẹwà èbúté náà bo èyí mọ́lẹ̀.

Ilé náà sì lẹ́wà lóòótọ́. Alexey Rukhlyadev àti Vladimir Krinsky, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ṣe é kó jọ ọkọ̀ ojú omi: ó gùn gbọọrọ, òpó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, ilé gogoro kan sì yọ láàárín rẹ̀ bí òpó ọkọ̀. Ìràwọ̀ tó wà lórí ṣóńṣó rẹ̀ ti kọ́kọ́ wà lórí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìṣọ́ Kremlin, odi àtijọ́ tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ní Mọ́síkò, láti 1935, kí wọ́n tó fi ìràwọ̀ onígíláàsì pupa rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀ ní 1937. Natalia Danko ló ṣe àwọn àwo alámọ̀ aláwọ̀ mèremère tó wà lára ògiri.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ipa omi tó so Volga pọ̀ mọ́ odò Don ní 1952, ọkọ̀ lè gba orí omi láti Mọ́síkò dé òkun márùn-ún: Òkun Funfun, Bọ́tíìkì, Kásípíà, Àsófù àti Òkun Dúdú. Nígbà tó yá, ilé náà di ẹgẹrẹmìtì, wọ́n sì tì í pa. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2020. Omi máa ń di yìnyín nígbà òtútù, nítorí náà ìgbà ooru ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Saint Petersburg, Nizhny Novgorod àti Astrakhan.