Ọkàn tí kì í lù dọ́gba: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá nípa HRV

Látìgbà tí aago tó ń ka ìlù ọkàn ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn l'Ékòó yìí, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́, láti Yábà dé Ọbáléndé, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni HRV tó ń kọ sí mi lọ́wọ́ yìí?" Ó yá, ìdáhùn rèé: heart rate variability ni, ìyẹn bí àkókò tó wà láàárín ìlù ọkàn kan sí èkejì ṣe ń yàtọ̀.

Ọkàn mi ń lù 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ǹdì kan nìyẹn?

Rárá o. Iye tó lù nínú odidi ìṣẹ́jú ni 60 yẹn. Tẹ́ ẹ bá fi ECG, ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn sórí ìwé, wò ó, ìlù kan sí èkejì lè gba mílísẹ́kọ́ǹdì 950, èyí tó tẹ̀ lé e á gba 1,040, òmíràn 985, kì í bára dọ́gba. Ìyàtọ̀ yẹn ni HRV. Àìsàn kọ́, ọkàn tí ìlù ẹ̀ kì í yà rárá, tó dọ́gba ṣáá, ló yẹ kó kọ èèyàn lóminú.

Ta ló wá ń sún un síwá sẹ́yìn?

Ọkàn ní ibi kan lókè lápá ọ̀tún ẹ̀ tó ń dá ìlù sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kò dúró de ọpọlọ. Tá a bá fi í sílẹ̀ lóun nìkan, á máa lù tó nǹkan bí 100 ní ìṣẹ́jú. Ẹ wo àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, iṣan tó so ọkàn mọ́ ọpọlọ ti gé, nítorí náà ọkàn wọn máa ń sáré kódà tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yà. Iṣan vagus, tó ti ọpọlọ gba ọrùn wọ àyà, ló ń fà á sẹ́yìn wá sí 60, 70. Iṣan sympathetic ló ń tì í síwájú. Ẹ wo danfo tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì, dírẹ́bà ti fẹsẹ̀ lé bíréèkì látòkè, tó bá fẹ́ yára díẹ̀ kò nílò tọ́tù, ó kàn máa gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀ ni. Ohun tí ọkàn yín ń ṣe nìyẹn tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ láìla àyà ẹnikẹ́ni?

Ibi tó dùn jù rèé. Vagus yára, iṣẹ́ tó bá rán máa ń dé láàárín ìlù kan sí èkejì. Sympathetic lọ́ra, ó lè gba sẹ́kọ́ǹdì mélòó kan. Torí náà, tí ìlù bá ń yà kíákíá, vagus ni. Ẹ fi ìka lé ọrùn ọwọ́ kẹ́ ẹ fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, ìlù á yára, tẹ́ ẹ bá mí síta á falẹ̀. Carl Ludwig, ará Jámánì, ti kọ nípa èyí ní 1847. Ní 1981, Solange Akselrod àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi kọ̀ǹpútà tú bí ìlù ọkàn ajá ṣe ń yà sí ìgbì tó yára àtèyí tó lọ́ra, wọ́n wá fún àwọn ajá náà ní oògùn tó ń dí iṣan, bí wọ́n ṣe dí vagus báyìí, ìgbì tó yára pòórá.

App mi ní sympathetic mi ti borí, pé wàhálà pọ̀ lára mi. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má tíì gbà. Ìgbì tó yára, tó ń gba bíi sẹ́kọ́ǹdì 2.5 sí 7, ti vagus ni, mo fara mọ́ ọn. Èyí tó lọ́ra, bíi sẹ́kọ́ǹdì 7 sí 25, tí app ń kà sí ti sympathetic, àdàlù ni: iṣan méjèèjì wà níbẹ̀, àtọgbọ́n tí ara fi ń tọ́jú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland, tó wá ń rọra mí lẹ́ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan kí ara ẹ̀ lè balẹ̀, èémí ẹ̀ ti bọ́ sínú ìgbì tó lọ́ra nìyẹn, app á sì ní wàhálà pọ̀ lára ẹ̀!

Kí làwọn dókítà ń fi ṣe?

Ìtọ̀ ṣúgà máa ń ba iṣan jẹ́, wọ́n á ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀ lábẹ́ ECG, tí ìlù ò bá yà, wọ́n ti mọ̀. Ìwádìí kan ní 1987 tún fi hàn pé, nínú àwọn tó ti ní háàtì atáàkì, àwọn tí ìyàtọ̀ ìlù wọn ò tó mílísẹ́kọ́ǹdì 50 ní wákàtí 24 ló kú jù.

Ṣé bó bá ṣe ga tó ló ṣe dáa tó?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àìsàn kan wà tí apá òkè ọkàn á máa gbọ̀n dípò kó lù, nọ́ńbà ẹni tó ní in lè ga fíofío, iṣan ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ń kọ́kọ́ yọ ìlù tó ṣèèṣì wáyé kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Tí tiyín bá ṣàdédé fò sókè, tí àyà sì ń já yín, ẹ fi app sílẹ̀, ẹ lọ ṣe ECG.