Bí wọ́n ṣe ń kọ géèmù tuntun fún Atari 2600

Ọdún 1977 ni Atari 2600, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, jáde ní Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dẹ́kun àtiṣe é, síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣì ń jókòó nílé kọ géèmù tuntun fún un, iṣẹ́ náà sì gba ọpọlọ gidigidi.

Ẹ̀rọ yìí kò níbi tó lè kó àwòrán pamọ́ sí. Báìtì 128 péré ni RAM rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìtànṣán tẹlifíṣọ̀n ṣe ń sáré láti òsì sí ọ̀tún ni géèmù ń sọ ohun tó máa yà fún ṣíípù kan tó ń jẹ́ TIA. Ibi tí ìtànṣán bá ti kọjá, kò ṣeé yí padà mọ́, ó di àwòrán tó kàn.

Ìlà 262 ló para pọ̀ di àwòrán kan lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, àwòrán bíi 60 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣísẹ̀ 76 péré ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ṣíípù 6507, ń rí gbé kí ìlà kan tó parí, àṣẹ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ká ní a kàn fẹ́ pa àwọ̀ ojú ọ̀run dà: àṣẹ LDA á gbé nọ́ńbà àwọ̀ náà, ìṣísẹ̀ 2, àṣẹ STA á fi í fún TIA, ìṣísẹ̀ 3. Márùn-ún ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ ọ́ fi máa ń ka ìṣísẹ̀ àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Tí iṣẹ́ ìlà kan bá tán, wọ́n á kọ nǹkan sí WSYNC, àdírẹ́sì kan nínú TIA, ọpọlọ ẹ̀rọ á sì dúró jẹ́ẹ́ títí ìlà náà á fi pé.

Èyí tó dára jù lójú mi ni bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan sí àyè rẹ̀. Kò síbi tí èèyàn ti lè kọ ọ́ pé kí ọkọ̀ òfuurufú wà ní ojú àmì (píksẹ́lì) 80 lórí ìlà. Àfi kó dúró de ìtànṣán, kó sì fọwọ́ kan RESP0, àdírẹ́sì mìíràn nínú TIA, gẹ́lẹ́ tó bá débẹ̀. Àmọ́ ìtànṣán ń rin ojú àmì 3 nínú ìṣísẹ̀ kan, àyípo àṣẹ tí wọ́n fi ń dúró dè é sì ń gba ìṣísẹ̀ 5, ìyẹn ojú àmì 15. Wọ́n á wá fi 15 pín ibi tí wọ́n ń lọ, HMOVE, tòun náà wà nínú TIA, á sì sún ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ sápá òsì tàbí ọ̀tún láti dí ìyókù.

Ìgbà wo wá ni géèmù ń ronú? Ìlà 192 ni wọ́n sábà máa ń fi ya àwòrán. Nínú ìlà tójú kì í rí, lókè àti nísàlẹ̀, ló ti ń wo ọwọ́ ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré, tó ń ka máàkì, tó sì ń ṣètò ohùn.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ DASM ló ń sọ àṣẹ wọ̀nyí di fáìlì, báìtì 4,096 fún kátíríìjì (ike tí géèmù wà nínú rẹ̀) tí kò ní àrà kankan nínú. Ètò mìíràn, Stella, ló ń gbé Atari wá sórí kọ̀ǹpútà fún ìdánwò, ó sì ń ka ìlà pẹ̀lú. Bí iye ìlà bá ń yí padà láti àwòrán kan sí èkejì, àwòrán á máa fò lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, wọ́n á sì padà sídìí kíka ìṣísẹ̀.