Sọ́kàwé ló ń pinnu iye ayálégbé tí ẹ̀yìnkùlé lè gbà

Ìṣirò ilé ẹ̀yìnkùlé rọrùn lẹ́nu. Ilẹ̀ ti wà, ọgbà ti yí i ká, iná ti wọ ilé ńlá, kànga sì ní omi. Bí onílé bá fẹ́ fi self-contain mẹ́ta sí ẹ̀yìn, owó búlọ́ọ̀kù, páànù àti iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Ní Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, àwọn tó ń wá irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò wọ́n: akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, àti agùnbánirọ̀ tó ti kúrò ní àgọ́ Asaya tí wọ́n sì pín sí ìtòsí. Ní Ẹ̀gbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ń kó tiẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Abuja àti Èkó kọ́ sílé, ìgbà Kérésì nìkan ni fèrèsé wọn ń ṣí, ṣùgbọ́n bọ́ìs kọ́tà ẹ̀yìn wọn kì í ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ yàrá sí i kò lè dá a tà láìjẹ́ pé ẹbí fọwọ́ sí i. Kí wọ́n bára wọn sọ ìyẹn kí ìpìlẹ̀ tó wọlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni abẹ́ ilẹ̀. Gbólóhùn kan wà tí bíríkìlà máa ń sọ, tí onílé sì máa ń gbà láìbéèrè: “Sọ́kàwé ti wà, ẹ jẹ́ ká kàn fa páìpù mọ́ ọn.” Gbólóhùn yìí ló ń ba òwò jẹ́.

Ihò méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni táńkì tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, tí ìgbẹ́ àti omi ń kọ́kọ́ wọ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ iṣẹ́ tí táńkì yìí ń ṣe. Wọ́n á gbé ògì kalẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kàn án, ògì á rì sí ìsàlẹ̀, omidùn á dá wà lókè. Nínú táńkì náà, ohun tó wúwo á rì, ọ̀rá á léfòó, omi àárín ni páìpù ń gbé lọ sínú ihò kejì, ìyẹn sọ́kàwé, tí ilẹ̀ á ti fà á mu. Bí ẹnì kan bá wá ń da omi mìíràn sínú ìkòkò ògì ní gbogbo ìṣẹ́jú, ògì á dàrú, á sì bá omidùn jáde. Ilẹ̀ tó yí sọ́kàwé ká ni asẹ́. Ògì tó bá bá omi lọ á dí asẹ́ náà pa, asẹ́ yìí kò sì ṣeé bọ́ sílẹ̀ fọ̀.

Ká ní táńkì gba lítà 3,000, tí èèyàn 6 ń gbé ilé ńlá, tí oníkálukú ń da lítà 100 sínú rẹ̀ lójúmọ́. Omi á lo ọjọ́ 5 níbẹ̀ kó tó jáde. Fi self-contain mẹ́ta kún un, èèyàn méjì nínú yàrá kan: ó di ọjọ́ 2 àbọ̀. Bí ẹrẹ̀ ọdún pípẹ́ bá ti gba ìdajì táńkì, ó ku ọjọ́ kan lé díẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n máa fa ẹrẹ̀ yẹn ní ọdún 3 sí 5 síra wọn. Mélòó nínú onílé ló ń fà á kó tó ru jáde?

Ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Kogi wá fi tirẹ̀ kún un. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ láti Kábà dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, níbòmíràn kò jìn rárá. Àpáta tó dì kì í fa omi. Èyí tó sán, ó ń gbà á, ṣùgbọ́n ojú sísán yẹn náà ni omi kànga ń gbà wá. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí mítà 30 wà láàárín kànga àti sọ́kàwé. Pílọ́ọ̀tì 50 ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, láti igun iwájú dé igun ẹ̀yìn òdìkejì, kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 34 lọ. Bí kànga bá wà ní igun iwájú, ẹ̀yìn pátápátá ọgbà náà nìkan ni sọ́kàwé lè wà, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo èèyàn fẹ́ kọ́ bọ́ìs kọ́tà sí. Kànga aládùúgbò kò tíì sí nínú ìṣirò.

Àwọn tó ń gbé ètò ilé ẹ̀yìnkùlé yìí kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i. Láti 2016 ni òfin ibẹ̀ ti ń ṣílẹ̀kùn fún ilé ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé nínú ìlú ńlá ibẹ̀, páìpù ìjọba ló ń gbé ìdọ̀tí lọ. Níbi tí kò bá sí páìpù ìjọba, òfin náà fàyè gbà á kí aláṣẹ ìbílẹ̀ béèrè ìdánwò bí ilẹ̀ ṣe ń fa omi. Ìdánwò yẹn kò ju ọkọ́ àti omi lọ: wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á fi omi kún un di ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ lè mu yó, wọ́n á tún un rọ, wọ́n á wá wo bó ṣe ń fà tó láàárín wákàtí kan. Oṣù Kẹsàn-án ló dára jù láti ṣe é, nígbà tí òjò ti rin ilẹ̀ gbingbin. Ilẹ̀ oṣù Kejì máa ń purọ́.

Owó rẹ̀ wá rèé. Ká ní yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ₦5,000,000, tí gbogbo owó ilé ọdún kan sì jẹ́ ₦400,000. Ọdún 12 àbọ̀ ni owó á fi padà, bí yàrá kankan kò bá ṣófo. Bí táńkì àti sọ́kàwé tuntun bá gba ₦1,500,000, ó di ọdún 16 lé oṣù 3. Ó dùn láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ á san án ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí òórùn bá lé ayálégbé lọ, owó táńkì tuntun á sì bá owó yàrá tó ṣófo pàdé. Ibi tí ilẹ̀ kò bá ti fa omi dáadáa, yàrá kan ló ń mérè wá ju mẹ́ta lọ, kò sì sí bíríkìlà tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbàgbé: àyè ọkọ̀ tó ń fa ẹrẹ̀. Bí bọ́ìs kọ́tà bá ti dí ọ̀nà, tàbí tí wọ́n gbé e lé ọmọrí táńkì àtijọ́ lórí, ògiri ni wọ́n á fọ́ kí rọ́bà ọkọ̀ tó dé ibẹ̀. Kí wọ́n yà á sínú pílánì kí búlọ́ọ̀kù tó délẹ̀.