Òfin ìpamọ́, àti sáà 1890 tí àwọn agbá-bésíbọ́ọ̀lù dá líìgì tiwọn sílẹ̀

Ní ọdún 1890, líìgì bésíbọ́ọ̀lù ńlá mẹ́ta ló ń forí gbárí ní Amẹ́ríkà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló dá ọ̀kan sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì pè é ní Players' League. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ìràwọ̀ eré náà wà, ibẹ̀ ni èrò sì wọ́ lọ jù. Síbẹ̀, líìgì ọ̀hún kò rí sáà kejì. Ohun tó pa á kò kan ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tàbí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá. Inú ìwé àdéhùn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ni owó ló sì parí sí.

Ọdún 1879 ni gbòǹgbò rẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, bí sáà bá ti parí, àdéhùn agbábọ́ọ̀lù parí nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó bá san owó jù ló máa gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Owó oṣù àwọn òṣèré wá ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì ń pariwo pé àwọn ń pàdánù. Ní oṣù September ọdún náà, àwọn olówó National League, líìgì ńlá tó wà nígbà náà, pàdé ní ìlú Buffalo. Arthur Soden, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ Boston, wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò le láti yé èèyàn: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ òṣèré márùn-ún sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ yòókù má sì bá àwọn márùn-ún náà dúnàá-dúrà rárá.

Ọgbọ́n tó wà nínú òfin ìpamọ́ yìí ni pé kò de agbábọ́ọ̀lù. Àwọn olówó ló fi de ara wọn. Kò sí ẹni tó fi ipá mú òṣèré pé kó buwọ́ lu ìwé fún ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó lè kọ̀ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n bó bá kọ̀, ibo ló máa lọ? Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló lè gbà á sí iṣẹ́, ẹgbẹ́ náà ló sì máa dá iye owó lé e lórí. Nígbà tó jẹ́ pé ẹni márùn-ún péré ni, àwọn òṣèré kan tiẹ̀ kà á sí iyì pé orúkọ àwọn wà nínú ìwé, torí ó fi hàn pé iṣẹ́ wọn kò ní bọ́. Iyì yẹn kò tọ́jọ́. Ní 1883, orúkọ tí ẹgbẹ́ lè pa mọ́ ti di 11. Nígbà tó fi di 1887, ó ti di 14, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ẹgbẹ́ tán. Ní 1883 yẹn kan náà ni National League àti American Association, líìgì ńlá kejì, ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa bọ̀wọ̀ fún ìwé orúkọ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ṣe tì.

Àwọn tó ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè rántí ẹjọ́ Jean-Marc Bosman ní 1995, nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì lè dá òṣèré dúró kódà bí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí. Inú ẹbí kan náà ni òfin ìpamọ́ wà, àmọ́ òun fi ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú.

Nǹkan méjì ló tún mú kó le sí i. Èkíní ni pé ẹgbẹ́ lè lé òṣèré lọ bí wọ́n bá ti fún un ní ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí òun kò lè lọ títí láé. Èkejì ni títà. Nígbà tó ti jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ni ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, ẹ̀tọ́ yẹn fúnra rẹ̀ di ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1887, Chicago ta Mike Kelly, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní King Kelly, fún Boston ní 10,000 dọ́là. Àwọn olówó ti sọ tẹ́lẹ̀ láàárín ara wọn pé kí owó oṣù ẹnikẹ́ni má ṣe ju 2,000 dọ́là lọ́dún. Boston san 2,000 yẹn fún Kelly, wọ́n sì tún fún un ní 3,000 pé kí wọ́n lè máa lo àwòrán rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí 3,000 yẹn jẹ́. Àwọn tó ṣe òfin ló ń rú u nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí ìwọ̀nba owó yẹn sì dúró lórí àwọn òṣèré tí kò lórúkọ. Èyí gan-an ló ń dun àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì tó kó dùn wọ́n.

John Montgomery Ward ló kó wọn jọ. Ó ti ju bọ́ọ̀lù, ó ti dáàbò bo àárín pápá, ó sì tún kàwé òfin gboyè ní Columbia ní 1885. Ní ọdún yẹn kan náà, òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn nínú ẹgbẹ́ New York dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n pè ní Brotherhood sílẹ̀. Àwọn olówó kọ́kọ́ fara balẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn sáà 1888, nígbà tí Ward wà lókè òkun pẹ̀lú àwọn òṣèré tí Albert Spalding, ọ̀gá ẹgbẹ́ Chicago, kó lọ yí ayé ká, ni wọ́n gbé òfin tuntun jáde lẹ́yìn rẹ̀. John Brush, tó ni ẹgbẹ́ Indianapolis, ló gbèrò rẹ̀. Wọ́n pín òṣèré sí ìpele márùn-ún, láti A dé E. Ẹni tó wà ní A gba 2,500 dọ́là, ti E gba 1,500. Kì í ṣe eré nìkan ni wọ́n fi ń pín wọn. Ìwà èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀.

Ward bẹ Spalding ní 1889 pé kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Spalding ní ó di ìgbà tí sáà bá parí. Àwọn kan nínú Brotherhood fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní July 4, ọjọ́ tí pápá máa ń kún jù, Ward sì pàrọwà fún wọn. Ètò tirẹ̀ jìn ju ìyẹn lọ. Ní November, wọ́n kéde pé àwọn ń lọ. Ìwé tí wọ́n fi síta sọ pé wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, wọ́n sì ń ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn bí àgùntàn, bí ẹni pé àwọn kì í ṣe ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ tó wọni lára ni, àmọ́ òmìnira tí wọ́n ń wí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Moses Fleetwood Walker ti gbá bọ́ọ̀lù fún Toledo ní líìgì ńlá ní 1884. Ní 1890, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan mọ́ nínú líìgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Players' League náà kò sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹgbẹ́ New York gbé Ward lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ṣì ló ni ín, àwọn ti pa á mọ́ fún 1890. Ní oṣù January, adájọ́ Morgan O'Brien kọ̀ láti dá a dúró. Àlàyé rẹ̀ ṣe kókó. Ìwé tó ní èèyàn yóò ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, tí kò sọ iye tó máa gbà tàbí bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí, kò tíì di àdéhùn. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ kan lè tú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí ẹnì kejì kò sì lè jáde nínú rẹ̀ láéláé, kò bá ẹ̀tọ́ mu. Bí òfin ìpamọ́ ṣe dójú ilé ẹjọ́ nìyẹn tí kò rẹ́sẹ̀ dúró. Láàárín àwọn olówó tí wọ́n ti dìmọ̀ pọ̀ nìkan ló ti lágbára.

Líìgì tuntun náà kò ní ìpamọ́, kò ní títà, kò sì ní ìpele A dé E. Àdéhùn ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún òṣèré. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 ló ń ṣàkóso: àwọn òṣèré yan mẹ́jọ, àwọn tó kó owó sílẹ̀ yan mẹ́jọ. Owó ẹnu ọ̀nà, ìdajì fún onílé, ìdajì fún àlejò. Rẹfirí méjì ló ń wo ìdíje kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo sábà máa ń wà níbòmíràn. Lójú mi, kò tíì sí ètò kan nínú eré ìdárayá ayé ìgbà náà tó fi iyì fún òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn òṣèré kò ní owó láti kọ́ pápá. Àwọn oníṣòwò bíi Albert Johnson, tó ń fi ọkọ̀ ojú irin ìgboro ṣòwò ní Cleveland, ló gbé owó náà kalẹ̀, èrè ni wọ́n sì wá wá.

Nínú ìlú mẹ́jọ tí Players' League wà, National League wà ní méje. Bí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ ìdíje, National League a gbé tirẹ̀ sí ọjọ́ kan náà nínú ìlú kan náà. Ní Brooklyn, ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń dije fún owó àwọn ará ìlú. Ní New York, pápá méjèèjì fẹ̀yìn ti ara wọn; ní oṣù May, Mike Tiernan ti Giants, ẹgbẹ́ New York ti National League, gbá bọ́ọ̀lù kan tó fo ògiri kọjá sí ìhà kejì, àwọn òǹwòran inú pápá kejì sì pàtẹ́wọ́ fún un. Spalding pe Kelly, ó na 10,000 dọ́là sí i pé kó padà. Kelly jáde lọ rìn díẹ̀, ó wọlé, ó ní òun kò lè da àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ọwọ́ Boston tí Kelly jẹ́ olórí fún ni ife-ẹ̀yẹ Players' League já sí, pẹ̀lú ìjáwé olúborí 81 àti ìpàdánù 48. Pittsburgh ti National League, tí àwọn òṣèré rẹ̀ ti ṣí lọ, borí nínú ìdíje 23, wọ́n sì pàdánù 113.

Iye òǹwòran tí Players' League kéde sún mọ́ 980,000, ti National League jẹ́ bíi 813,000. Ìhà méjèèjì ló ń bu kún un. Spalding fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé akọ̀wé òun sọ fún akọ̀ròyìn pé èrò jẹ́ «mẹ́rìnlélógún, méjìdínlógún», akọ̀ròyìn kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2,418, bẹ́ẹ̀ èèyàn 24 ló wà ní apá kan, 18 ní apá kejì. Gbogbo wọn ló ń pàdánù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn hàn nígbà tí ẹgbẹ́ Giants ti National League ń rì sínú gbèsè láàárín sáà. Soden, Spalding, Brush àti àwọn yòókù ra ìpín nínú rẹ̀ kó má bàa ṣubú. Àwọn olówó Players' League kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn.

Nígbà tí October dé, Edward Talcott ti New York, Johnson àti Wendell Goodwin ti Brooklyn, tí wọ́n kó owó sílẹ̀ fún Players' League, lọ bá Spalding sọ̀rọ̀. Ó ṣe bí ẹni pé National League kò ní ìṣòro, ó ní kí wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Àwọn òṣèré bèèrè pé kí àwọn náà jókòó síbi ìpàdé, National League kọ̀. Láti ìgbà náà ni oníkálukú nínú àwọn olówó ti ń ta ti ara rẹ̀. Ti New York, Brooklyn àti Pittsburgh da pọ̀ mọ́ àwọn alátakò wọn, Spalding ra ti Chicago.

Ìwé orúkọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹgbẹ́ Athletics ti Philadelphia, tó wà nínú American Association, gbàgbé láti kọ orúkọ òṣèré Louis Bierbauer sílẹ̀ fún 1891, Pittsburgh yára mú un, àwọn èèyàn sì pe Pittsburgh ní olè ojú omi, ìyẹn pirates. Orúkọ yẹn ni ẹgbẹ́ Pirates ń jẹ́ títí dòní. American Association bínú lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kúrò nínú àdéhùn, kò sì rí òpin ọdún náà já. Ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀ wọ National League, líìgì ńlá kù ẹyọ kan, owó oṣù sì já wálẹ̀.

Òfin náà wà bẹ́ẹ̀ títí di December 1975. Nígbà náà ni Peter Seitz, alájọyanjú tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn olówó jọ yàn, dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ òṣèré méjì, Andy Messersmith àti Dave McNally, pé bí ìwé bá sọ pé ẹgbẹ́ lè fi ọdún kan kún àdéhùn, ọdún kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹnu kò pé òṣèré tó bá ti lo ọdún mẹ́fà ní líìgì ńlá lè lọ síbi tó bá wù ú.